Ohun Tí A Gbìn Tí A Kò Mu

Ní ilé ìdáná wa ní Ìbà, ohun èlò kan wà tí ó ti jẹ́ orúkọ mẹ́ta láàárín ọdún méjì. Òkókómáíkò ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Badagry. Ó tẹ́ tapoléènì sílẹ̀, ó to fíláàsì, kẹ́tùrù, abọ́ àti ìkòkò jọ sórí rẹ̀. Láàárín wọn ni mo ti rí ìgò gbọọrọ kan tí a fi irin dídán gbá lára, tí ó ní ọwọ́ ìdìmú bíi ti jọ́ọ̀gì, tí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín ìdérí rẹ̀ kọjá. Ní ìdí ọ̀pá náà ni asẹ́ róbótó kan wà. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà léèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ó wo ohun náà, ó wò mí, ó ní, “Dádì, jọ́ọ̀gì omi ni. Irin àárín yẹn ni ẹ ó máa fi rò ó.” Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó, mo gbé e lọ sílé.

Fún bí oṣù márùn-ún, jọ́ọ̀gì omi náà ni ó jẹ́ lóòótọ́. Ìyàwó mi yọ irin rẹ̀ sọ sínú àpótí, ó sì ń fi ìgò náà bu omi tútù fún àlejò. Ìgbà tí ọmọbìnrin wa tí ó ń kọ́ èdè Faransé ti Abúlé Èdè Faransé tí ó wà ní Àjárá, lẹ́bàá Badagry, dé fún ìsinmi ni àṣírí tú. Ó bá omi yìnyín nínú rẹ̀ lórí tábìlì, ó bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ta ni ó ní kí ẹ máa fi kafetíẹ̀ mu omi?” Ó wá irin rẹ̀ jáde, ó fọ̀ ọ́, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wa. Kọfí lílọ̀ ni a ń dà sí ìsàlẹ̀ ìgò. Omi gbígbóná ni a ń dà lé e. A óò jẹ́ kí ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni a óò fi ọ̀pá ti asẹ́ náà lọ sísàlẹ̀, kí ó lè tẹ èérí kọfí mọ́lẹ̀, kí omi dúdú rẹ̀ sì dá dúró lókè.

Èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní èdè Yorùbá láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́, mo rò pé ẹ̀tọ́ mi ni láti sọ ohun èlò náà lórúkọ. Mo pè é ní atẹ̀kọfí, ní ìlànà tí àwa olùkọ́ èdè fi ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí. Ẹnu èmi nìkan ni orúkọ náà ti jáde títí di òní olónìí, nítorí náà n kò kà á mọ́ orúkọ mẹ́ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ kẹta, èyí tí gbogbo ilé wá fi ń pè é, bàbá mi ni ó sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi kò ka ìwé rárá. Ọ̀nà tí orúkọ náà gbà wáyé, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wáyé, ni mo fẹ́ sọ.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ bàbá, ó yẹ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ kọfí ti rí láàárín wa. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Yorùbá, tíì ni gbogbo ohun gbígbóná tí a fi mílíìkì àti ṣúgà sí. Bournvita, tíì ni. Milo, tíì ni. Ovaltine, tíì ni. Lipton ni ó ni orúkọ náà ní ti òótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń bá àwọn yòókù du ú. Bí àlejò bá ní òun yóò mu tíì, onílé yóò tún bi í pé, “Tíì wo?” Kọfí ń bẹ láàárín wọn, Nescafé sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí: ìyẹ̀fun dúdú nínú ọ̀rá pẹlẹbẹ tàbí agolo, tí ó ń yọ́ sínú omi láìní èérí kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ó ń mu ún, tàbí awakọ̀ òru, tàbí ọlọ́dẹ tí ó ń ṣọ́ ilé onílé.

Bí ènìyàn bá rìn láti Ìyànà-Ìbà lọ sí Òkókómáíkò ní alẹ́, yóò rí tábìlì àwọn mai-ṣáyì, àwọn ọmọ Hausa tí wọ́n ń ta tíì, búrẹ́dì, ẹyin díndín àti Indomie. Ọwọ́ wọn dá ṣáṣá. Wọn yóò gbé ife kan sókè, wọn yóò di èkejì mú nísàlẹ̀, wọn yóò sì máa da tíì láti òkè bí okùn gígùn títí yóò fi yọ ìfófòó, tí yóò sì lọ́ wọ́rọ́wọ́. Bí o bá sọ pé kọfí ni o fẹ́, wọn yóò já ọ̀rá Nescafé kan sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹni tí ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì ń jẹ obì gbànja bí ó ti ń mu tíì tirẹ̀. Mo wò ó, mo sì rí i pé a kì í ṣe àlejò sí ohun tí ń bẹ nínú kọfí. Káféènì ni èròjà tí ń lé oorun lọ nínú kọfí, òun náà ni ó sì wà nínú obì. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi obì la ojú mọ́jú kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ orúkọ kọfí.

Gbànja náà tilẹ̀ ní ìtàn tí ó jọ ti kọfí. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn àgbẹ̀ Yorùbá ní Agége, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti ní Ṣágámù gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu, ọkọ̀ ojú irin ń kó o lọ sí Kánò, àwọn Hausa ni ó sì ń jẹ ẹ́. Obì àbàtà ni Yorùbá fi ń bọ òrìṣà, òun ni wọ́n fi ń gbéyàwó, òun ni wọ́n fi ń sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe ohun tuntun fún wa, nígbà náà, láti máa gbin ohun tí ẹnu ẹlòmíràn ń jẹ. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àgbẹ̀ gbànja mọ ẹni tí ó ń jẹ ẹ́ àti ìdí tí ó fi ń jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ kọfí kò mọ ọ̀kankan.

Láti Etiópíà ni igi kọfí tí wọ́n ń pè ní arábíkà ti ṣẹ̀. Ní Yẹ́mẹ̀n, àwọn Mùsùlùmí onísúfí ti ń mu ún ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n lè wà lójúfò fún àdúrà òru. Qahwa ni Lárúbáwá pè é, kahve ni ti Tọ́kì, koffie ni ti àwọn ará Họ́láǹdì, coffee ni ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó di kọfí lẹ́nu tiwa. Ṣùgbọ́n rọ̀bọ́sítà ni èyí tí a ń gbìn jù ní Nàìjíríà. Igi igbó Áfíríkà ni òun náà. Káféènì inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti arábíkà, ó sì korò jù ú lọ. Òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí òtútù ti ń mú, ni arábíkà ti wa wà.

Ohun èlò tí mo rà ní Òkókómáíkò ní ìtàn tirẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1852, ọkùnrin méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Mayer àti Delforge gba ìwé ẹ̀tọ́ ní Faransé lórí ìkòkò kọfí tí ó ní asẹ́ tí a ń tì lọ sísàlẹ̀. Asẹ́ náà kò fún mọ́ ara ìkòkò dáadáa, èérí ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ní 1929, Attilio Calimani àti Giulio Moneta tún un ṣe ní Ítálì. Ní 1958, Faliero Bondanini gba ẹ̀tọ́ lórí irú tirẹ̀, ilé iṣẹ́ kan tí ń ṣe fèrè kilarinẹ́ẹ̀tì ní Faransé ni ó sì ti ń ṣe é. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń dí ihò fèrè kí afẹ́fẹ́ má baà jò yóò mọ bí a ti ń dí ẹ̀gbẹ́ asẹ́.

Ìlò rẹ̀ kò le. Nǹkan bí ọgọ́ta gíráàmù kọfí ni ó tó omi lítà kan. Kò gbọdọ̀ kúnná. Kí ó rí bíi gàrí tí a kò tíì jọ̀ ni ó dára. Omi kò gbọdọ̀ máa hó lọ́wọ́. Kí a sọ ọ́ kalẹ̀ kí ó simi bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni a fi ń dúró dè é. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni a ń tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ẹni tí ó bá kánjú tẹ̀ ẹ́ ni omi gbígbóná ń ta sí lára. Asẹ́ onírin náà kì í dá ọ̀rá kọfí dúró bí asẹ́ oníbébà ti ń ṣe, ọ̀rá yìí sì ni ó ń jẹ́ kí ó ki lẹ́nu. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi hàn pé bí ènìyàn bá ń mu irú rẹ̀ lọ́pọ̀ lójoojúmọ́, ó lè fi kún kọlẹsitẹ́rọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ife kan ni èmi ń mu lóòjọ́. Ọjọ́ orí mi kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Festac ni mo ti ń ra kọfí lílọ̀ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Owó ọ̀rá kékeré kan rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan nílé wa.

Bẹ́ẹ̀ sì ni, àgbẹ̀ kọfí ni bàbá mi.

Ìjùmú ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ìpínlẹ̀ Kwara ni a wà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Kọfí jẹ́ ohun ọ̀gbìn pàtàkì ní agbègbè náà, láti Kábbà títí dé Ìyámoyè. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, igi kọfí yóò yọ òdòdó funfun, gbogbo oko yóò sì máa ta sánsán. Bí ó bá di oṣù Bélú, èso rẹ̀ yóò ti máa pọ́n. Àwa ọmọdé ni a ń já a. Nínú èso kọ̀ọ̀kan, hóró méjì ni ó dojú kọ ara wọn bí ìbejì tí ó wà nínú àpò kan. A ó sá a sórí ilẹ̀ líle fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó máa fi ẹsẹ̀ yí i padà, a ó sì máa lé ewúrẹ́ lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ, a ó gún un lódó kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, ìyá mi yóò sì fẹ́ ẹ kí fùlùfúlù rẹ̀ lè lọ. Èso pupa náà máa ń dùn díẹ̀. A máa ń pọ́n ọn lá, a ó sì tu hóró rẹ̀ sílẹ̀ fún bàbá. Bí a ti mọ adùn kọfí mọ nìyẹn.

Bàbá kò mu ún rí. Ìyá mi kò mu ún rí. Bí àlejò bá bi bàbá ní ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, yóò ní, “Wọ́n ní wọ́n ń sè é mu ni. Àwọn ni wọ́n mọ̀.”

Láti 1977, Bọ́ọ̀dù Kòkó ti Nàìjíríà ni ó ń bójú tó ríra kòkó, kọfí àti tíì lọ́wọ́ àgbẹ̀, ní iye tí ìjọba bá dá lé e. Owó náà kì í pọ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mọ iye tí yóò gbà kí ó tó gbé àpò lérí. Ní 1986, nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP dé, wọ́n tú àwọn bọ́ọ̀dù náà ká. Ọjà bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò aládàáni. Ní oṣù Agẹmọ 1989, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń gbin kọfí àti àwọn tí ń rà á jọ ṣe, èyí tí ó ń díwọ̀n iye kọfí tí yóò dé ọjà àgbáyé kí owó rẹ̀ má baà wó, forí ṣánpọ́n. Láàárín oṣù díẹ̀, owó kọfí wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì.

Ní ọdún náà gan-an, oníṣòwò kan kó àpò mẹ́sàn-án lọ lọ́wọ́ bàbá mi ní àwìn. Ó ní bí òun bá ti tà á ní Èkó, òun yóò padà wá. Kò padà wá. Mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì nígbà náà, owó ilé-ìwé mi ni ó sì wà nínú àpò mẹ́sàn-án yẹn. Ìyá mi ta aṣọ òkè rẹ̀ kí n tó lè padà sẹ́nu ẹ̀kọ́. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ó mú àdá, ó gé èyí tí ó pọ̀ jù nínú igi kọfí náà, ó gbin ẹ̀gẹ́ sí ojú ibẹ̀. Ó ku nǹkan bí ọgọ́ta igi ní etí odò tí kò gé. N kò bi í ní ìdí rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá. Ní 2019, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í dun bàbá, àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé nílé sì mú un wá sí Èkó fún ìtọ́jú. Àbúrò mi gbé ọ̀rọ̀ kan dání. Ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ etí odò náà láti fi ṣe ọgbà adìyẹ, òun sì fẹ́ kí a tà á. Bàbá ní òun kò ní dáhùn àyàfi bí èmi àkọ́bí bá sọ tèmi. Kí n lè fojú rí ohun tí wọ́n ní kí n dá sí, ó di hóró kọfí gbígbẹ sínú agolo mílíìkì kan, ó fi ọ̀rá dé e, ó gbé e sórí itan láti Ìjùmú títí dé Ìyànà-Ìbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó bá mi ní ilé ìdáná. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí ojú rẹ̀ kan, wọ́n sì dì í.

“Kí ni ó ń rùn bí oko tí wọ́n sun yìí?”

“Kọfí ni, Bàbá.”

Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi, ó fi àtàǹpàkò wọ́n bí ó ti tóbi mọ. “Èló ni o rà á?” Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Bí ó bá jẹ́ àpò kan ńkọ́?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Mo fi iye gíráàmù tí ó wà nínú ọ̀rá náà pín ìwọ̀n àpò kan, mo sì ń sọ ọ́ sókè bí mo ti ń ṣe é, bí ẹni tí ó wà níwájú kíláàsì. Nígbà tí mo dé ibi àpò mẹ́sàn-án, ó gbé ọwọ́ sókè. “Fi í sílẹ̀,” ni ó wí. Ojú tì mí.

Ní ọjọ́ Sátidé, a yan kọfí inú agolo náà. Ìkòkò irin ni a lò, orí sítóòfù tí ó wà lẹ́yìnkùlé ni a gbé e kà. Bàbá jókòó tì í lórí àpótí, ó ń pàṣẹ bí ẹni ń yan ẹ̀pà: “Má fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀. Rò ó. Rò ó.” Àwọ̀ rẹ̀ kúrò ní bí ewé gbígbẹ, ó di àwọ̀ ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà-pàrà bí àgbàdo, èéfín rẹ̀ sì gba gbogbo àdúgbò. Aládùúgbò wa kan yọjú lórí ògiri láti bi wá bóyá nǹkan ń jóná. Mo ní kí a gbé e lọ fún ẹlẹ́rọ ata ní Ìyànà-Ìbà kí ó bá wa lọ̀ ọ́. Ìyàwó mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni tí ó bá mu ún yóò mu ata rodo. Odó ni àbúrò mi fi gún un. Ìró ọmọ odó yẹn ni mo ti gbọ́ títí mo fi dàgbà, ṣùgbọ́n èèpo ni a ń gún kúrò nígbà náà, kì í ṣe hóró.

Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́rin pé, bàbá ní kí n jẹ́ kí òun tẹ̀ ẹ́. Mo mú ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀pá náà. Ó tì í lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ́tí sí i bí ẹni tí ó ń gbọ́ ohun tí ó wà nínú kànga. “Mo mọ èyí,” ni ó wí. “Asẹ́ ni. Ti ìyá yín, òkè ni ó wà, ògì ni ó ń lọ sísàlẹ̀. Èyí, asẹ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ rì. Asẹ́ àtẹ̀rì.” Ọmọbìnrin wa pàtẹ́wọ́. Bí atẹ̀kọfí tèmi ti kú nìyẹn.

Mo bu ún fún un láìfi ṣúgà sí i, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ní òun fẹ́ ẹ. Ó tọ́ ọ wò. Gbogbo wa ń wò ó lẹ́nu.

“Ó korò,” ni ó wí. Ó tún mu ún. “Ó jọ àgbo. Àwọn tí ń sanwó lé èyí gbìyànjú o.” Ṣùgbọ́n ó mu ún tán, ó yí ife náà padà sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ojú kan tí ó ríran wo gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní kí a má ta ilẹ̀ náà. Mo ní kọfí kì í ṣe ohun ọ̀gbìn lásán fún ìran wa. Mo sọ pé nǹkan bí ìdajì kọfí àgbáyé ni ó ń ti Saint-Domingue wá kí àwọn ẹrú tó dìde níbẹ̀ ní 1791, kí ó tó di Haiti, àti pé Nàgó wà nínú àwọn ẹrú náà. Mo sọ pé ní oṣù Ògún 1833, lórí oko kọfí kan tí wọ́n ń pè ní Salvador, ní ìwọ̀ oòrùn Havana ní Kúbà, àwọn ẹrú tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Lùkùmí, orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, gbé ogun dìde. Mo sọ pé títì tí ó wà nítòsí ilé wa yìí ni ó lọ sí Badagry, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú ọkọ̀ ẹrú. Òun náà ni ó gba Kútọnu lọ sí Lomé. Láti Lomé, ènìyàn lè gòkè lọ sí Atakpamé, níbi tí àwọn Ifẹ̀ Tógò tí ń sọ èdè tí ó bá tiwa tan ti ń gbé, ní agbègbè tí kọfí àti kòkó Tógò ti ń wá. Mo ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964 ń ṣe ìwádìí lórí kọfí pẹ̀lú, nítorí náà kò yẹ kí a rò pé ó ti tán. Mo ní ogún ni.

Bàbá fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ rẹ dára. Èmi kò bi ọ́ bóyá ogún ni. Ta ni yóò já a ní oṣù Bélú?”

N kò lè dáhùn. Àbúrò mi wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í ní ohun tí ó yẹ kí n ti bi í ní ọjọ́ tí wọ́n dé: kí ni ó fẹ́ fi owó ilẹ̀ náà ṣe? Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá ni, àti owó ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn, àti gbèsè oògùn ọdún tí ó kọjá tí òun kò tíì san tán. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀. Mo ti ń fi owó ránṣẹ́ nígbà ọdún àti nígbà tí wọ́n bá pè mí, mo sì ti rò pé ó tó. Owó ọ̀rá kọfí tí mo ń rà ní Festac, bí a bá kó o jọ lóṣooṣù, kò jìnnà sí owó oògùn náà.

Àwọn àgbà a máa sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Èmi ti rò pé kọfí ni òwe náà ń bá wí nínú ọ̀rọ̀ yìí: pé mo ń ra ti òkè òkun nígbà tí ti bàbá mi ń rẹ̀ dànù sí etí odò. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo fi mọ̀ pé mo ṣì í lò. Mo ti ń kọ àwọn ẹlòmíràn ní ohun tí ogún jẹ́, ẹni kan ṣoṣo ni ó sì ń ru ẹrù rẹ̀ nílé.

A kò ta etí odò. A ta apá òkè tí ẹ̀gẹ́ wà, a fi san gbèsè. Mo gba oògùn bàbá mọ́ra lóṣooṣù. Àbúrò mi ní òun yóò máa ro ìdí igi náà, ṣùgbọ́n kí n wá sílé ní ìgbà ìkórè kí n wá já a fúnra mi. Bàbá fọwọ́ sí i. Bí ó ti ń wọ ọkọ̀ lọ sílé ni mo rántí láti bi í ní ìdí tí kò fi gé ọgọ́ta igi yẹn ní 1989. Mo ti rò pé yóò sọ ohun tí mo lè kọ sínú ìwé. Ó ní, “Ó rẹ̀ mí ni. Ilẹ̀ ti ṣú.”

Ó kú ní 2022. Láti ìgbà tí a ti ṣe àdéhùn náà, mo ti lọ já kọfí ní ìgbà mẹ́rin. Ní 2020 n kò lọ, nítorí àrùn Kòrónà ni mo sọ fún àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀nà ti ṣí láti oṣù díẹ̀ ṣáájú. Èso ọdún náà gbẹ mọ́ igi. Bí mo bá lọ, ẹ̀yìn máa ń dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo ń rí gbà kò ju kílò mélòó kan lọ lẹ́yìn gígún àti fífẹ́, ó sì ń tó mi dé nǹkan bí oṣù Igbe. Lẹ́yìn rẹ̀, mo tún ń ra ti Festac.

Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí àwọn kọ̀ńdọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké “Máìlì Tú! Máìlì Tú!” ní Ìyànà-Ìbà, mo máa ń gbé asẹ́ àtẹ̀rì sórí tábìlì. Ìyàwó mi ń fi mílíìkì àti ṣúgà sí tirẹ̀, ó sì ń pè é ní tíì. N kò bá a jiyàn mọ́. Èmi ń mu tèmi bí bàbá ti mu ún. Ó korò lóòótọ́.